Àpò kékeré tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró: bí mo ṣe ń dì í fún awakọ̀, ọdẹ àti àgbẹ̀ ilẹ̀ wa

Ẹ̀yin ará mi ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, okun o. Nọ́ọ̀sì ni mí. Yàrá ìjàǹbá ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, àbúrò mi ọkùnrin sì ń wa bọ́ọ̀sì láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Òun ló ní kí n bá òun di àpò pàjáwìrì kan tí òun á máa gbé sínú ọkọ̀. Nígbà tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, àwọn náà béèrè tiwọn. Àwọn ọdẹ béèrè. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ la igi lápá Búnú náà ránṣẹ́ wá. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè dì í fúnra rẹ̀.

Àpò yìí kì í ṣe kẹ́míìsì. Torí ẹ̀jẹ̀ ni mo ṣe ń dì í. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ, bí iṣan ńlá kan bá sì já ní itan, ènìyàn lè kú kí ìṣẹ́jú 5 tó pé. Ẹ wá wo ọ̀nà wa. Tírélà forí sọ bọ́ọ̀sì láàárín Ọ̀bàjànà àti Zariagi lóru, tàbí àdá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣán oko kajú lẹ́yìn Ìyàmoyè, níbi tí ọ̀kadà nìkan ń dé. Ilé ìwòsàn wà lóòótọ́: ti ìjọba wà ní Kàbà, ti ìjọ ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tó lè sáré bá ìṣẹ́jú 5 yẹn. Ẹni tó dúró ti onítọ̀hún lásìkò náà ló máa gbà á là, ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa lò. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa tí ọgbẹ́ wọn kì í ṣe ọgbẹ́ tó yẹ kó pa ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ló tán lára wọn lójú ọ̀nà, tí gbogbo ènìyàn sì dúró yí wọn ká tí wọ́n ń ké pe Jésù, tí wọ́n ń ké pe Ọlọ́run, tí kò sí ẹni tó fi ọwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí àbúrò mi kọ́kọ́ kó ohun tó rò pé ó yẹ wá sílé mi, oògùn ibà wà níbẹ̀, oògùn inú rírun wà níbẹ̀, GV, ìgò spirit, òwú ńlá kan, páálí pẹnisílíìnì oníyẹ̀ẹ̀fun. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde. Òwú kì í wọ inú ọgbẹ́ jíjìn. Kì í ní agbára tí a lè fi tẹ nǹkan, fọ́nrán rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ẹran ara, tí dókítà á fi máa ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Spirit àti GV kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á kàn ta ẹni náà lára ni. Abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ náà, ẹ má dán an wò, ẹnikẹ́ni kì í rán ọgbẹ́ létí títì. Ní ti oògùn ìrora, ẹ kíyè sí i dáadáa: Alabukun ní aspirin nínú, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Fún orí fífọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi kàn ẹnu, ibuprofen náà kò dáa fún un. Tramadol tí àwọn kan ń fún ara wọn pé kó lè gba ìrora mọ́ra lè dá èémí ẹni tó ti dákú tán díẹ̀ dúró pátápátá.

Báàgì náà gan-an ńkọ́? Ẹ wá èyí tí kò ju Bíbélì ńlá lọ, tó ní síípù tó lè là gbalaja láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ máa ki ọwọ́ bọ̀ láti orí bí àpò ilé ìwé. Báàgì ohun ìwẹ̀ tí àwọn ọkùnrin fi ń rìnrìn àjò wúlò púpọ̀ fún èyí, ó sì wà ní gbogbo ọjà. Bó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní pẹ́ tí àgbàdo sísè àti ṣájà fóònù fi máa wọ inú rẹ̀. Ẹ so aṣọ pupa kan mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kó lè hàn. Ibi tí a ń gbé e sí ni abẹ́ àga awakọ̀, kí a fi okùn so ó mọ́ irin àga kó má fò. Ẹ má gbé e sí búùtù. Bí ọkọ̀ bá ti gbá nǹkan láti ẹ̀yìn, búùtù lè má ṣí mọ́. Ẹ má sì gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, torí oòrùn ibẹ̀ á yọ́ gọ́ọ̀mù pílásítà, á sì mú kí ìbọ̀wọ́ gbó.

Bó ṣe máa wà nínú àpò ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Lóru, tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ohun tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ kàn ni ènìyàn ń lò. Nítorí náà bí ẹ ṣe máa lò ó ni kí ẹ ṣe tò ó, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀.

Lókè pátápátá ni ìbọ̀wọ́ wà. Ẹ ra aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní nitrile, ó lágbára ju funfun lásán lọ, kì í sì í tètè ya. Ẹsẹ̀ 4 ni mo ń fi sí i, ìyẹn méjì méjì lọ́nà mẹ́rin, ẹsẹ̀ 2 ní àpò ìta, 2 nínú. Ẹni tó wá bá yín ràn án lọ́wọ́ náà nílò tirẹ̀. Mo máa ń ká ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí mo á fi ọ̀kan bọ inú èkejì, kí a lè fà á yọ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Bí kò bá sí ìbọ̀wọ́, ẹ fi náílọ́ọ̀nù mímọ́ wé ọwọ́, kí ẹ tẹ ojú ọgbẹ́. Ẹ má torí ìbọ̀wọ́ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tán.

Lábẹ́ ìbọ̀wọ́ ni tourniquet wà, ìyẹn ìgbànú tó ní igi kékeré tí a fi ń lọ́ ọ títí tí ẹ̀jẹ̀ fi máa dúró ní apá tàbí ẹsẹ̀. Méjì ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀, torí ọkọ̀ lè fọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, itan tó sì tóbi lè gba méjì papọ̀. Ẹ fara balẹ̀ tí ẹ bá ń rà á, torí ayédèrú kún ọjà. Èyí tí igi rẹ̀ bá tẹ̀ kọdọrọ nígbà tí ẹ lọ́ ọ, tàbí tí ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ dá a padà. Ìgbànú náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 4, ó kéré tán. Bí owó bá wà, ẹ ra ẹ̀kẹta tí ẹ ó fi máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, torí èyí tí a ti fi kọ́ṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kò yẹ ní ohun tí a ń gbójú lé lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé.

Bí mo ṣe ń dì í nìyí. Mo máa ń tú u kúrò nínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ á mú kí ọwọ́ yọ̀, náílọ́ọ̀nù kò sì ní ṣe é ya. Mo á fi ìgbànú náà ṣe òrùka tó gbòòrò, tó lè gba bàtà kọjá. Mo á lẹ orí rẹ̀ padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo á ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ po díẹ̀ kí ìka lè rí ibi tó máa dì mú. Igi rẹ̀ á wà láàárín, kò ní fì síbì kankan. Lẹ́yìn náà mo á ká a ní ẹẹ̀mejì, mo á fi rọ́bà owó kan ṣoṣo dè é. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, rọ́bà yẹn nìkan ló máa já.

Bí a ṣe ń lò ó: ẹ gbé e sí ìwọ̀n ìka 3 sí 4 lókè ojú ọgbẹ́, ní apá tó sún mọ́ àyà, kì í ṣe lórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ kò rí ojú ọgbẹ́ náà, ẹ gbé e lọ sókè pátápátá, sí ìdí itan tàbí sí ìdí apá. Ẹ kó fóònù tàbí kọ́kọ́rọ́ tó bá wà ní àpò ṣòkòtò lábẹ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ fa ìgbànú náà le gan-an kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ igi. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń ti kùnà: wọ́n á fi í sílẹ̀ ní dídẹ̀, wọ́n á wá máa lọ́ igi kiri láìsí èrè. Ẹ lọ́ ọ títí tí ẹ̀jẹ̀ fi máa dúró, kí ẹ fi igi náà há ibi ìhámọ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọ aago tí ẹ dè é. Á dùn ún gan-an. Àgbàlagbà ọkùnrin á pariwo, á bẹ̀ yín, á pè yín ní ìkà. Ẹ má tú u. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀: “Ẹ pẹ̀lẹ́ Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ti dúró, a ti ń lọ.” Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró, ẹ de ìkejì sí òkè ti àkọ́kọ́.

Àwọn kan kọ́ yín láyé àtijọ́ pé kí ẹ máa dẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹsẹ̀ lè mí. Ẹ gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ń dà sílẹ̀. Ìwọ̀n wákàtí 2 ni a máa ń kà sí àkókò tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún ẹsẹ̀ tàbí apá, láàárín ìyẹn ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa lè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bó bá tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ló máa tú u.

Bí ẹ kò bá tíì lówó tourniquet, ẹ má jókòó sílẹ̀. Ẹ ya aṣọ ankara tó fẹ̀ tó ìka 3, kí ó gùn tó láti yí itan ká lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ di í pọ̀ mọ́ igi líle tó tó ìka ọwọ́ àgbà méjì ní nínípọn. Ẹ gé igi náà nílé báyìí, kí ẹ ha á dán, kí ẹ fi sínú àpò, torí kò sí ẹni tó ń rí igi tó dára nígbà tó bá ń wá a lóru. Ẹ má lo okùn tín-ín-rín, ẹ má lo wáyà, ẹ má lo rọ́bà táyà ọ̀kadà tí wọ́n ti là wẹ́wẹ́. Rọ́bà yẹn ni mo ń bá lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá láti oko. Ó ń gé ẹran ara wọlé, ó ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè, èyí tó ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde gan-an kò sì dí, ẹ̀jẹ̀ á wá máa dà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí sọ ọ̀rọ̀ ejò. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ tó bá ní tourniquet lọ́wọ́ tí paramọ́lẹ̀ bá bù ú jẹ, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí i lọ́kàn ni kó dè é. Ẹ má dè é. Oró ejò kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Bí a bá dè é le, oró náà á kó jọ síbi kan, ẹsẹ̀ á sì jẹrà. Ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà kó tó wú, kí ẹ fi igi àti ọ̀já di ẹsẹ̀ náà kó má mì, kí ẹ má jẹ́ kó rìn, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Ẹ pe ilé ìwòsàn náà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ náà wà. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ rìn.

Lábẹ́ tourniquet ni gọ́ọ̀sì wà, ìyẹn aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tí a fi ń tọ́jú ọgbẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú àpò yìí, gọ́ọ̀sì ni mo máa mú. Ìdí ni pé tourniquet kò lè ṣiṣẹ́ ní ibi tí itan ti pàdé ikùn, kò lè ṣiṣẹ́ ní abíyá, kò sì ṣe é dè mọ́ ọrùn. Àwọn ibi wọ̀nyí, gọ́ọ̀sì ni a ń kì bọ̀ ọ́. Ẹ ra èyí tó gùn, tó ká bíi báńdéèjì, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin. Ká 3, ó kéré tán. Gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró sí wà, ó wọ́n, ó dára, àwọn dókítà ológun fẹ́ràn rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ní gọ́ọ̀sì lásán tó sì mọ bí a ṣe ń kì í bọ ọgbẹ́ ni yóò gba ẹ̀mí là ju ẹni tó ní olóògùn tí kò mọ bí a ṣe ń kì í lọ.

Bí a ṣe ń kì í rèé. Ẹ fi sísọ̀ọ̀sì gé aṣọ kúrò kí ẹ rí ojú ọgbẹ́. Ẹ fi aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ tó kó sójú rẹ̀, kí ẹ fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sun, torí ẹ̀jẹ̀ lè jáde ní òkè kí orísun rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka á mọ̀ ọ́n: ó gbóná, ó sì ń ta bọ́. Ẹ fi orí gọ́ọ̀sì tẹ ibẹ̀ gan-an, kí ìka yẹn má kúrò. Kí ọwọ́ kejì máa bu gọ́ọ̀sì wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìka náà, kí àwọn ìka máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí ọ̀kan nínú wọn máa wà lórí orísun ẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ máa kì í títí tí kò fi ní gba mọ́, tó á yọ sókè ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ kó ọwọ́ méjèèjì lé e, ẹ na ìgúnpá, kí ẹ fi gbogbo ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wo aago. Ẹ má ṣí i wò láàárín, bó ti wù kí ọkàn yín fẹ́ wò ó tó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin gọ́ọ̀sì náà jáde, ẹ fi òmíràn lé e lórí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ le ju ti tẹ́lẹ̀.

Àyà àti ikùn ni a kì í kì gọ́ọ̀sì sí. Bí ìfun bá jáde, ẹ má tì í padà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi mímọ́ rin bò ó. Bí ọ̀bẹ, irin tàbí igi bá há sára ènìyàn, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ fi báńdéèjì ká yí i ká kó má mì.

Báńdéèjì tó ń nà, tí wọ́n ń pè ní crepe, ló tẹ̀lé e: ká 2, tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 10 tàbí 15. Òun la fi ń di gọ́ọ̀sì tí a ti kì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 yẹn, kí ọwọ́ wa lè sinmi kí a sì gbé ẹni náà. Ẹ dì í le, kí ẹ fi pílásítà lẹ orí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀já ìyá ọlọ́mọ kan wà. Mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní ìlú òyìnbó kò ní kọ ọ̀já sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn, ó fẹ̀, ó lágbára, ó wà nílé gbogbo wa. Ó lè gbé apá tó ṣẹ́ rọ̀ mọ́ ọrùn, ó lè di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ kejì. Bí ìdí bá fọ́, tí ẹni náà ń sọ pé ìbàdí ń dun òun bí ẹni tí wọ́n là, ẹ fi ọ̀já di í ṣinṣin yí egungun ìdí ká, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ikùn.

Ní ti àyà: bí ọgbẹ́ bá wọ àyà, bóyá ìbọn ni tàbí irin, tí ẹ ń gbọ́ èémí tó ń fọn níbẹ̀, pílásítà àyà kan wà tó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹni tó bá rí i rà, kó fi méjì sínú àpò, torí ọta ìbọn lè wọ iwájú kó jáde lẹ́yìn. Ẹni tí kò ní i, kó fi ojú ọgbẹ́ àyà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn níbẹ̀, gọ́ọ̀sì fẹ́lẹ́ kan ti tó. Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù dí i pa, torí afẹ́fẹ́ á há sínú, á fún ẹ̀dọ̀fóró pa. Bí ẹ bá ti dí i tí èémí rẹ̀ sì ń burú sí i, ẹ ṣí i kíá. Bó bá ń rí èémí mí dáadáa tó bá jókòó, ẹ jẹ́ kó jókòó.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Sísọ̀ọ̀sì tó lágbára, tí ẹnu rẹ̀ kò mú ṣóńṣó, tó lè gé jíńsì àti bẹ́líìtì ọkọ̀. Pílásítà onílẹ̀mọ́ ká 1, tí a ti ká orí rẹ̀ po kí ìka lè rí i. Bírò máàkà dúdú. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí bíi ti ọdẹ, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣiṣẹ́, pẹ̀lú bátìrì tí a yọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ nínú náílọ́ọ̀nù kó má baà tú omi sínú rẹ̀. Aṣọ ìbora onífóìlì, ó kéré, ó fúyẹ́. Ẹ má sọ pé ooru wa pọ̀ tó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ ń tutù, ara tó bá sì tutù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì dáadáa. Ẹ wé e, ẹ fi nǹkan sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀dà àti ilẹ̀ náà ń fa ooru lára rẹ̀. Bí kò bá sí fóìlì, ìró àti aṣọ ìbora lásán ṣe é lò.

Ohun ìkẹyìn nínú àpò ni páálí kékeré kan tí mo fi pílásítà bò kí omi má pa á. Mo kọ nọ́ńbà 122 ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti 112 ti pàjáwìrì sí i, mo kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ̀nà tí onítọ̀hún ń gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ mo fi àyè sílẹ̀ fún aago tí a de tourniquet, ibi tí a kì gọ́ọ̀sì sí, àti ohun tó ṣe é. Ẹni tó wà nínú ìpayà kì í rántí aago.

Omi kò sí nínú àpò, ṣùgbọ́n kó wà nínú ọkọ̀, odindi jálá kan. Iná ló wà fún. Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, omi tútù ni kí ó máa ṣàn sórí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ewé Akíntọ́lá tí a ń fún sí ojú gígé kékeré lóko, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí, ṣùgbọ́n ẹ má rìn wọ igbó lọ já a nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára ènìyàn.

Kí ẹ tó ṣí àpò náà rárá, ẹ wo ara yín. Ẹ páàkì sí iwájú díẹ̀, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ gbé C-caution sí ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ gé ẹ̀ka igi sójú títì láti ọ̀nà jíjìn bí a ti ń ṣe. Tírélà tó ń bọ̀ láti orí òkè kò ní tètè dúró. Bí ó bá jẹ́ táńkà epo ló ṣubú, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì lé àwọn tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì dé.

Gbígbé e lọ tún jẹ́ ibì kan tí a ti ń pa ènìyàn láìmọ̀. Bí mọ́tò bá wà, ẹ dúró dè é fún ìṣẹ́jú díẹ̀ dípò kí ẹ há ẹni tó dákú sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà, kí orí rẹ̀ máa mì síwá-sẹ́yìn. Bí ọ̀kadà nìkan bá wà, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti dúró, ẹ di í mọ́ ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, kí ẹ rìn pẹ̀lẹ́. Ẹni tó dákú tó ṣì ń mí, ẹ dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ kí èébì má baà fún un pa. Ẹ má bu omi sí i lẹ́nu.

Fún ẹni tí ìbọn bà, mo mọ ohun tó ń ba àwọn awakọ̀ lẹ́rù: kí wọ́n dé ilé ìwòsàn kí wọ́n ní kí wọ́n lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. Òfin wà nílẹ̀ láti ọdún 2017: gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gbà á, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sì ti sọ ṣáájú pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wá ní pàjáwìrì. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá lágbára owó díẹ̀, kó kọ́kọ́ ra gọ́ọ̀sì, báńdéèjì, ìbọ̀wọ́ àti sísọ̀ọ̀sì. Gbogbo rẹ̀ wà ní kẹ́míìsì Kàbà àti Ìsánlú. Tourniquet lè tẹ̀lé e lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ń kọ́ni, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà ń dá àwọn awakọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní gáràájì. Nílé, ẹ pa iná, ẹ di ojú, kí ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo de tourniquet mọ́ apá yín kejì. Nígbà tí ẹ bá lè ṣe é láìwò ó, ó ti wọ̀ yín lára.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tú àpò náà sórí ẹní. Ẹ wo ọjọ́ tí pílásítà àyà máa bàjẹ́, ẹ na ìbọ̀wọ́ wò bóyá ó ti gan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ wo gọ́ọ̀mù pílásítà. Lásìkò òjò, ẹ wo bóyá ọ̀rinrin ti wọlé, torí náà ni mo ṣe ń fi náílọ́ọ̀nù wé gọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí n tó tò ó, tí mo sì ń gé etí náílọ́ọ̀nù náà díẹ̀ kí ó lè tètè ya.

Bí ẹ bá lò ó, ẹ fún nọ́ọ̀sì tó bá gbà á lọ́wọ́ yín ní páálí yẹn, kí ẹ sì sọ iye gọ́ọ̀sì tí ẹ kì sínú, kí ọ̀kan má baà kù síbẹ̀. Ẹ rán wọn létí abẹ́rẹ́ tẹ́tánúsì. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ yín títí dé ìgúnpá, ẹ fi Jik tí a là mọ́ omi nu báàgì àti sísọ̀ọ̀sì, ẹ sá wọn sóòrùn. Tourniquet tó ti ní ẹ̀jẹ̀ lára kò gbọ́dọ̀ padà sínú àpò. Ẹ dí àyè ohun tí ẹ lò lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí kẹ́míìsì ti pa, ẹ gé aṣọ òwú funfun tó mọ́ ní gígùn, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ ká a, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e, kí ó dúró ní ipò gọ́ọ̀sì títí di ọjọ́ Ajé.